Ìwé Ìbímọ Àwọn Ọmọláńgidi

Ẹyinjú òsì ló kọ́kọ́ ṣí kúrò. Ó yọ̀ bọ́ sínú omi ọṣẹ, ó sì rì lọ sísàlẹ̀ abọ́ bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù tó já. Baba Gúnrégé na ọwọ́ láti mú un, àmọ́ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọláńgidi náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀hún tẹ̀ wọlé, ó rọ̀ bọ̀kọ̀bọ̀kọ̀, àwọ̀ pupa tó wà lára rẹ̀ sì bá ìka rẹ̀ lọ. Ó sáré gbé e jáde. Kó tó rí aṣọ gbígbẹ tí yóò fi nù ún, imú ti lọ, ẹnu ti lọ, omi tó ń kán láti orí rẹ̀ sì ti nípọn bí omi ẹrẹ̀.

"Mo gbé!" ló wí. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà tí yóò gbọ́. "Mo gbé o!"

Kì í ṣe àjèjì nídìí omi àti ọṣẹ. Alágbàfọ̀ ni. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélógójì tó ti ń fọ aṣọ oníbàárà, tó sì ń lọ̀ ọ́ títí ìlà ṣòkòtò yóò fi dúró gan-an bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fà á. Ibẹ̀ ni orúkọ Gúnrégé ti wá. Òfin kan ló fi lélẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lè kà lójú oorun: aṣọ tí o kò bá mọ ìran rẹ̀, má ṣe tì í bọ omi. Fi àkísà funfun tútù tẹ ìṣẹ́tí rẹ̀ níbi tó fara sin, kà dé ogún, kí o wo àkísà. Bí àwọ̀ bá jáde, gbé aṣọ sílẹ̀, kí o lọ bi ẹni tó mọ̀. Láàárọ̀ yìí, kò tẹ ibì kankan. Ohun ìṣeré ọmọdé ni, kí ló fẹ́ dán wò lára rẹ̀? Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ni ọmọláńgidi náà. Agbẹ̀bí ni ẹ̀gbọ́n yìí kó tó fẹ̀yìn tì, ó ti fi ọwọ́ gba ọmọ tó tó kún ìlú, òun fúnra rẹ̀ kò sì bí ẹyọ kan. Láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ló ti ń kó ọmọláńgidi àtijọ́ jọ, irú èyí tí àwọn ìyá àgbà ẹlòmíràn fi ṣeré nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Mẹ́tàlélógójì ni wọ́n, wọ́n jókòó lórí pẹpẹ yíká yàrá. Oṣù méjì sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá a wó. Apá ọ̀tún kò gbé mọ́. Ọ̀rọ̀ náà sì kọ̀, kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Lónìí, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ yóò gbé e kúrò ní ọsibítù lọ sí ilé ìtọ́jú kan tó jìnnà, ìrìn ọjọ́ kan gbáko. Kò sí bí àbúrò rẹ̀ ṣe lè ṣe é. Àjà kẹta ni ilé tirẹ̀ wà, ọ̀pá ni ìyàwó rẹ̀ fi ń rìn, òun náà sì ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì láti gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti orí ibùsùn sórí àga. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, nọ́ọ̀sì ló sáré wá gba tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sílẹ̀. Apá rẹ̀ kò ká a. Ó wọ ilé ìwẹ̀ lọ sunkún, ó bọ́jú, ó sì jáde wá fọwọ́ sí ìwé.

"Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n lè gbé dání, Baba," ni nọ́ọ̀sì wí fún un lánàá. "Kó jẹ́ ohun tí wọ́n mọ̀ dáadáa o. Nígbà mìíràn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń pe ọ̀rọ̀ padà."

Nọ́ọ̀sì fi bírò sí ọwọ́ òsì aláìsàn náà. Ọwọ́ òsì gbọ̀n, ó fa ìlà kan wọ́gọwọ̀gọ, ó ya róbótó kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi ojú méjì sínú róbótó. Nọ́ọ̀sì ní ẹyin ni. Baba Gúnrégé nìkan ló mọ̀ ọ́n: nọ́ńbà kìíní, ọmọláńgidi tó jókòó ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹpẹ òkè. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó kù díẹ̀ kó fò sókè. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bèèrè nǹkan tó sì yé e. Nígbà tó dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárọ̀ yìí tó rí bí eruku ṣe lẹ̀ mọ́ ojú ọmọláńgidi ọ̀hún, ó ní kò dáa kí ó gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ló bá pọn omi.

Ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, ó rò fún un. Ìyàwó dá a lóhùn.

"Ẹ ní mẹ́tàlélógójì ni wọ́n. Ẹ mú èyí tó jọ ọ́ nínú wọn lọ fún wọn."

"Wọ́n á mọ̀."

"Aláìsàn? Ẹ̀yin tí ara yín le ńkọ́, ṣé ẹ mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì?"

Ó pa fóònù. Ó fi aṣọ ìnura wé ọmọláńgidi tí kò lójú mọ́, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo orí pẹpẹ bóyá òun á rí èyí tó jọ ọ́. Ibi tó ti ń sún wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún ni ọwọ́ rẹ̀ ti kan ìwé ńlá kan lẹ́yìn wọn. Irú ìwé tí wọ́n fi ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ ní ọsibítù ni, tí wọ́n ti fi ìlà pín: ọjọ́, wákàtí, akọ tàbí abo, gígùn, bí ara ọmọ ṣe rí. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kún inú rẹ̀.

*Nọ́ńbà kìíní. Abo. Ó dé lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, láti inú àpótí ìyá arúgbó kan tí mo gba ẹ̀bí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Orí pé. Ojú méjèèjì ń ṣí, ó ń pa dé. Lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò ni ara rẹ̀. Omi kò gbọdọ̀ kàn án láéláé. Mo ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé màá tọ́jú rẹ̀.*

Ó ka ìlà omi yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ì bá pa ìwé náà dé, ṣùgbọ́n kò mọ ohun mìíràn tí òun lè ṣe, ó sì ṣí ojú ewé kejì.

*Nọ́ńbà kẹfà. Akọ. Inú ń bí i nígbà tó dé. Ó ṣì ń bí i.* Baba Gúnrégé gbé ojú sókè wo ẹni kẹfà. Lóòótọ́ ni, ẹni tó ya ìpéǹpéjú rẹ̀ láyé àtijọ́ ya ọ̀kan wọ́ sísàlẹ̀, ọmọkùnrin náà sì le ojú kankan bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ẹ̀rín já lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. *Nọ́ńbà kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ẹni tó kó wọn wá ní ìbejì ni wọ́n. Irọ́ ni. Ẹ wo etí wọn.* Ó gbé àwọn méjèèjì lọ sójú fèrèsé. Etí ọ̀kan lu, ti èkejì kò lu. Ọ̀kan jẹ́ tánganran, èkejì jẹ́ igi tí wọ́n fi ọ̀dà kùn kó lè máa dán. Ó tún wo inú ìwé, ó tún wo wọn. Ó dìde fún nọ́ńbà kejìlá tí wọ́n ti rán ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin, ó yí aṣọ rẹ̀ sódì, ó ka ojú abẹ́rẹ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọwọ́ ènìyàn mẹ́rin tí kò mọ ara wọn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni aṣọ, ó mọ ohun tí òun ń wò. Orí rẹ̀ wú. Nígbà tó máa fi wo aago, wákàtí kan àti ààbọ̀ ti lọ.

Ojú tì í. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń wọ yàrá yìí, ọmọláńgidi ló ń rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa di apá ẹ̀wù rẹ̀ mú, a ní, "Àbúrò, dúró kí n fi èyí hàn ọ́," òun a sì máa wo aago. Ó ti sọ ọ́ rí lójú ẹbí pé kí ẹ̀gbọ́n òun lọ wá ọmọ gidi gbà tọ́. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n náà bá wọn rín in. Ìgbà tó yá, kò di apá ẹ̀wù ẹnikẹ́ni mú mọ́.

Nọ́ńbà kẹtàdínlógún ló jọ ẹni àkọ́kọ́ jù, tí orí rẹ̀ rí róbótó, tí ojú rẹ̀ sì tóbi. Àmọ́ apá kan ṣoṣo ló ní. *Abo. Ó dé láìní apá òsì. Mo ń wá a.* Lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀, bírò aláwọ̀ oríṣiríṣi: *Ọdún kejì, mi ò tíì rí i. Ọdún kẹrin, mo rí ọ̀kan, ó gùn jù, ó dà bí apá ọlọ́pàá. Ọdún keje, mi ò tíì rí i. Ọdún kọkànlá, mo ṣì ń wá a.* Ní ẹ̀yìn ìwé, ó kọ àdírẹ́sì kan sílẹ̀: *Bí ara ẹnikẹ́ni nínú wọn kò bá yá.* Baba Gúnrégé kó ẹni tí kò lójú àti ẹni tí apá rẹ̀ kò pé sínú báàgì kan náà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò tíì pinnu láti tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ṣọ́ọ̀bù tó wà ní àdírẹ́sì náà kò ju yàrá kan lọ lẹ́yìn ilé ìtàwé. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ti lé ní àádọ́rin ọdún, awò ojú méjì ló sì wọ̀ léra. Ìyá Ẹlẹ́yinjú ni wọ́n ń pè é, torí àpótí kéékèèké tó kún ara ògiri rẹ̀, ẹyinjú ọmọláńgidi ló wà nínú gbogbo wọn, láti orí èyí tó kéré bí àgbàdo dé orí èyí tó tó ọsàn wẹ́wẹ́.

"Ẹ̀yin ni àbúrò Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí," ló wí kí àlejò tó jókòó.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ìlà ṣòkòtò yín. Wọ́n ní ó lè gé èèyàn lọ́wọ́." Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n tún ní ẹ máa ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́."

Baba Gúnrégé tú aṣọ ìnura. Ẹ̀rín obìnrin náà gbẹ. Ó yọ awò kan, ó wo ibi tí ojú wà tẹ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni."

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe ná?"

"Alágbàfọ̀ ni mí."

"Ẹn-hẹ́n," ló wí, kò sì bínú. "Ẹni tí kò mọ omi ì bá ti bẹ̀rù rẹ̀."

Baba Gúnrégé bi í bóyá kò sí ohun tó lè ṣe sí i. Obìnrin náà ní òun lè mọ ojú mìíràn sí i, ojú tó rẹwà pàápàá, àmọ́ kò ní jẹ́ ẹni àtijọ́ mọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sì máa gbà kó tó gbẹ. Aago méjì ti lù. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, bí oníbàárà tó jó aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ nídìí ààrò ṣe máa ń bẹ òun, tí òun á sì máa mi orí. Obìnrin náà mi orí.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ló wí. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìyá tí ọmọ wọn kò dúró. Alágbàfọ̀ wo ohun tó wà lórí tábìlì, ó mọ̀ pé agbè gan-an ló fọ́ ní tòun. Obìnrin náà wọ inú lọ láti wá bébà múlọ́múlọ́ tí yóò fi wé e.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Páálí kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, apá tí kò ní ara ló kún inú rẹ̀, nǹkan bí igba. Ojú rẹ̀ kàn wà nínú rẹ̀ ni, kò wá nǹkan kan. Láàárín wọn ni apá òsì kan wà, tó fẹ́ẹ́ tẹ̀ díẹ̀ ní ìgúnpá, tí wọ́n so ìka kẹta àti ìkẹrin rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó ti fi ọdún mọ́kànlélógójì wá ẹnìkejì ìbọ̀sẹ̀ láàárín ẹrù ogún ìdílé kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún òun. Ọwọ́ rẹ̀ ti wọ báàgì kó tó mọ̀. Ó yọ nọ́ńbà kẹtàdínlógún, ó wo apá ọ̀tún rẹ̀: ìka kẹta àti ìkẹrin, wọ́n so pọ̀. Àwọ̀ náà ni, bíi wàrà tó ti pẹ́. Ó fi apá òsì náà sí ojú ihò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ó dún pọ́, ó sì wọlé.

"Ìyá!" ló ké. "Ìyá, ẹ wá wò ó! Ẹ wá wò ó!"

Obìnrin náà sáré jáde pẹ̀lú bébà lọ́wọ́. Ó gbé awò kejì padà sójú, ó yí apá náà sókè sódò, ó jókòó.

"Ọdún mọ́kànlá," ló wí. "Àìmọye páálí lèmi pẹ̀lú Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí ti jọ tú. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá lèyí wọlé."

Ó fi rọ́bà so apá náà dáadáa, Baba Gúnrégé sì dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń rìn ní gìgísẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò tíì rí irú ayọ̀ yìí láti ọdún tó dé ọdún. Ọmọláńgidi tí òun pa wà lórí tábìlì kan náà, òun sì ń yọ̀. Ó mọ̀ pé kò dáa. Kò lè dá a dúró.

"Ìgbà wo ni ẹ tún máa gba páálí mìíràn?" Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Obìnrin náà wò ó lókè awò. "Sátidé Sátidé ni. Ó ti mú yín nìyẹn."

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ló dé ọsibítù. Wọ́n ti múra fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n ti ya irun rẹ̀, ó jókòó lórí àga ẹlẹ́sẹ̀-táyà lójú fèrèsé, àpò aṣọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rí báàgì, ó sì na ọwọ́ òsì.

"Ẹ̀gbọ́n, mo dé."

Nọ́ńbà kẹtàdínlógún ló gbé lé e lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó, ojú rẹ̀ ń bèèrè ẹlòmíràn, ó ti fẹ́ gbé e sílẹ̀ kí àtàǹpàkò rẹ̀ tó kan ìgúnpá òsì. Ó dúró. Ó fi àtàǹpàkò tọ apá náà láti èjìká dé ìka. Ó gbé e sókè, ó gbé e sílẹ̀. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ tó ṣì ń gbọ́ràn gbéra sókè.

Ọ̀rọ̀ bá tú lẹ́nu àbúrò. Ó sọ ti páálí, ó sọ ti ìbọ̀sẹ̀, ó sọ bó ṣe dún pọ́. "Ẹ ò bá rí mi, Ẹ̀gbọ́n, mo ké bí ọmọdé!" Ó sọ ti ọmọkùnrin kẹfà tí inú ń bí, ó sọ ti àwọn ìbejì èké àti etí wọn, àti ojú abẹ́rẹ́ mẹ́rin tó wà lẹ́sẹ̀ ẹni kejìlá, ó ní ẹni kẹta tó rán an, ọwọ́ òsì ló ń lò, ṣé ẹ̀gbọ́n òun mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo ẹnu rẹ̀. Ìgbà tó mí ló rí i pé òun ti di apá ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n òun mú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ́ nọ́ńbà kẹtàdínlógún sórí itan. Ó tún na ọwọ́. Ọwọ́ náà ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò padà. Baba Gúnrégé wo ilẹ̀, ó wo fèrèsé.

"Mo fọ̀ ọ́, Ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Mo fọ̀ ọ́ ni."

Ó gbé nọ́ńbà kìíní lé e lọ́wọ́ nínú bébà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọwọ́ kan tú u, ó pẹ́, òun kò sì ràn án lọ́wọ́, torí kò mọ̀ bóyá òun ṣì ní ẹ̀tọ́ sí i. Nígbà tó rí i, kò ké, kò sì jù ú nù. Ó ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà: ó fọwọ́ wọ́ orí, ó tọ ẹ̀yìn lọ sísàlẹ̀, ó wo apá, ó ka ọmọ ìka ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló gbé àtàǹpàkò sí ibi tí ojú wà, ó sì fi sílẹ̀ níbẹ̀. Omijé bọ́ láti ojú rẹ̀ méjèèjì, èyí tó ń gbọ́ràn àti èyí tí kò gbọ́ràn.

Ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Àbúrò rẹ̀ kúnlẹ̀, ó gbé etí lé e. Èémí ló gbọ́, èémí gbígbóná, àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan tó ń gbéra tó sì ń ṣubú. Ó lè jẹ́ èébú. Ó lè jẹ́ pé ó ní kó má sunkún. Ó lè jẹ́ pé ti apá ẹni kẹtàdínlógún ló ṣì ń sọ.

"Ẹ tún un sọ," ló bẹ̀ ẹ́. "Mò ń gbọ́."

Irọ́ ni, kò gbọ́. Ẹnu yìí kan náà ti pè é fún ọgbọ̀n ọdún pé kó wá wo nǹkan, nígbà tí ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀, tó sì dùn. Nísinsìnyí, kò sí ohun tó wù ú láyé yìí ju kí ẹnu náà pe òun ní òmùgọ̀, kí ó sì yé òun.

Nọ́ọ̀sì yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọkọ̀ ti dé, wọ́n yára dé. Baba Gúnrégé kò gbé orí sókè. Ó fi etí síbẹ̀, ó ń dúró.